Orúkọ Ìyá Ṣàfíù Láàárín Àwọn Òkú

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kẹwàá 2025

Ìsinmi òmìnira. Iná wà láti òwúrọ̀, ìyanu ńlá. Èmi àti Arúgbó jókòó ti ara wa títí di ìrọ̀lẹ́. Kọ̀ǹpútà mi ni mò ń pè ní Arúgbó, ó máa ń mí gúlegúle bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn. Mo ti parí iṣẹ́ tí mo ṣèlérí fún ẹgbẹ́ àsàlátù wa níbí, n'Ìṣẹ̀rí-Olófin. Ọ̀fẹ́ ni. Láàádá lọ́dọ̀ Ọlọ́run ni mò ń wá.

Tẹ́lẹ̀, tí àdúrà ọjọ́ Àìkú bá fẹ́ parí, kálukú á fi bébà pélébé lé Alfa lọ́wọ́, orúkọ àwọn òkú rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bébà á sọnù. Wọn ò ní dárúkọ bàbá ẹnìkan. Ìjà á dé. Ní báyìí, èèyàn á ṣí ojú-ewé kan lórí fóònù, á tẹ orúkọ àwọn òkú rẹ̀ sínú àpótí kan, á fi kọ́mà sáàárín wọn. PHP, èdè kọ̀ǹpútà tí mo fi kọ ọ́, á gba gbogbo rẹ̀ bí okùn kan gbọọrọ. explode á gé okùn náà níbi gbogbo tó bá ti rí kọ́mà, á kó àwọn tó gé sínú array — agbọ̀n lèmi ń pè é. implode á wá so wọ́n padà. Ohun tí mo ní kó fi so wọ́n ni "Kí Ọlọ́run fi àlùjánńà kẹ́", orúkọ kan lórí ìlà kan; èmi fúnra mi ni mo fi ti orúkọ àkọ́kọ́ síwájú. Kí Alfa ṣáà máa kà á lọ.

Mo fi òkú ilé wa dán an wò: bàbá bàbá mi, ìyá wọn, Bùọ̀dá Raheem. Mẹ́ta wọlé, mẹ́ta jáde. Inú mi dùn ṣìnkìn.

Jímọ̀, 3 Oṣù Kẹwàá

Orúkọ ti ń wọlé. Ẹnìkan fi kọ́mà parí tirẹ̀, explode bá gé òfìfo fún mi: àdúrà kan jáde, kò ní ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún. array_filter ni mo fi sẹ́ òfìfo dànù. trim ló bá mi yọ ààyè tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwọn orúkọ. Ó tán. Mi ò jókòó ka àwọn orúkọ náà ṣá. Òkú ẹlẹ́ni ni, kí ni mo fẹ́ fi wọ́n ṣe?

Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹwàá

Ìyá Ṣàfíù pè mí. Àwọn ló rán gbogbo aṣọ Iléyá tí mo wọ̀ ní kékeré. Láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú, nínú ẹbí wọn, àwọn nìkan ló kù sílé yẹn. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Ṣàfíù, ẹgbẹ́ mi, a jọ lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ iná ní Kánò. Ó máa ń pè. Pípè ni, kì í wá.

Ìyá ní Abigail ti bá àwọn tẹ orúkọ bàbá Ṣàfíù. Abigail ni ayálégbé wọn, aláṣọ funfun, ìjọ Aládùúrà. Wọ́n ní ṣé ó dé? Mo ní ó dé mà.

Àìkú, 5 Oṣù Kẹwàá

Ojú tì mí lónìí, ẹ̀rù sì bà mí.

Alfa Zikrullah ń ka orúkọ. Alfa Fóònù ni mo sọ ọ́, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára fóònù. Ó ń kà á wàràwàrà, à ń ṣe àmín. Ó dé "Kí Ọlọ́run fi àlùjánńà kẹ́ Ràímì Àjàní." Àmín. "Kí Ọlọ́run fi àlùjánńà kẹ́ ọkọ mi." Àwọn ìyá ẹ̀yìn rẹ́rìn-ín. Kò dúró. "Kí Ọlọ́run fi àlùjánńà kẹ́ Ìdíátù aya rẹ̀." Ó ti mọ́ wa lẹ́nu, a ti ṣe àmín ká tó mọ ohun tí a ṣe é sí.

Ìdíátù aya rẹ̀ ló jókòó níwájú mi yẹn. Ìyá Ṣàfíù. Mo rí i tí tẹ̀sùbáà ọwọ́ wọn dúró.

"Kí Ọlọ́run fi àlùjánńà kẹ́ ní Ìṣẹ̀rí." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá ká ẹní wọn, wọ́n lọ sílé.

Mo sáré délé, mo ṣí i wò. Bí Abigail ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyí: Ràímì Àjàní, ọkọ mi, Ìdíátù aya rẹ̀, ní Ìṣẹ̀rí. Ta ló ń dárúkọ òkú rẹ̀ lásán ládùúgbò wa? Èèyàn gbọ́dọ̀ sọ ohun tó jẹ́ sí òun, kó sọ ẹni tó ń tọrọ àdúrà, kó tún júwe ilé, kí àdúrà má baà ṣìnà. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú bébà náà nìyẹn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń dán an wò, orúkọ gbẹrẹfu ni mo tẹ̀, bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ní kíláàsì. explode ò jẹ̀bi. Ibi tí mo ní kó gé ló gé.

Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá

Mo ti tún un ṣe. Àpótí méjì ló wà báyìí. Orúkọ òkú nìkan ló ń wọ àkọ́kọ́, òkú kan lórí ìlà kan, òpin ìlà ni explode ń gé, kò kan kọ́mà mọ́. Ẹni tó ń tọrọ àdúrà, àpótí tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Mo lọ kúnlẹ̀ fún Ìyá. Wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n kọjú sógiri. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan, kí n dìde jàre. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde, gbogbo wọn ń sọ pé "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́", bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n túbọ̀ ń dá kún ọ̀rọ̀ náà.

Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹwàá

Mo gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lọ. Wọn ò fọwọ́ kàn án. Mo ṣàlàyé pé ẹ̀rọ ló gé e síbi tí kò yẹ. Wọ́n fi pẹ̀lẹ́ dá mi lóhùn: "Aasiyah, gbogbo jámáà ló ṣe àmín. Ẹ̀rọ rẹ, ṣé ó lè gba àmín padà?"



Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kẹwàá

Mo pe Ṣàfíù ní Kánò. Mo ní ìyá rẹ̀ ò jẹun, wọn ò sì dìde. Ó ní òun ń bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹwàá

Tí nǹkan bá ṣe ìyá yìí, mi ò ní foríjin ara mi.

Jímọ̀, 10 Oṣù Kẹwàá

Ṣàfíù ti dé. Ojú rẹ̀ wú, eruku ọ̀nà bò ó. Láti ìgbà àdúrà fidáù òkú bàbá rẹ̀ ni kò ti wálé. Mo kí wọn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀: Ìyá ti wẹ̀, wọ́n ti lé tìróò, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bá ọmọ wọn jà pé ó ti gbẹ jù. Ara mi balẹ̀ díẹ̀.

Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kẹwàá

Mo pàdé Abigail níbi tó ti ń din àkàrà níwájú ilé. Mo dúpẹ́ pé ó bá wa tọ́jú Ìyá ní gbogbo ìgbà tí wọn ò jẹun. Ó wò mí. Ó ní, "Ta ni ò jẹun? Àràárọ̀ ni Mummy ń jẹ àkàrà mi o. Wọ́n tún ní kí n máa fi ata sí i. Wọ́n ṣáà ní kí n má sọ fún ẹ, pé ara àwọn ò tíì yá."



Mo wọlé. Ìyá rí ojú mi, wọ́n rán Ṣàfíù lọ ra gílóòbù n'Ígàndó. Mo ní, "Ìyá, àkàrà ńkọ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ìhà mú.

Wọ́n ní ọjọ́ Àìkú yẹn ba àwọn lẹ́rù lóòótọ́, pé àwọn sunkún. Ṣùgbọ́n kílẹ̀ tó mọ́ àwọn ti mọ̀ pé àṣìṣe ni. "Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi gé aṣọ, ṣé mi ò ní mọ èyí tí wọ́n gé láìwọ̀n ni?" Ṣàfíù wá gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn, ó pè lọ́jọ́ Ajé, ó tún pè, ó tún pè. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Tí mo bá dìde, ṣebí pípè yẹn náà ló máa mọ. Má sọ fún un o."

Mo bínú. Bó ṣe ń lọ lẹ́nu wọn ni ìbínú náà ń rọ̀. Mo ṣèlérí.

Àìkú, 12 Oṣù Kẹwàá

Alfa Fóònù kà á bó ṣe yẹ: "Kí Ọlọ́run fi àlùjánńà kẹ́ Ràímì Àjàní. Ìdíátù aya rẹ̀ ló ní ká ṣe é." Àmín yẹn gba gbogbo mọ́ṣáláṣí. Ìyá fara ti Ṣàfíù títí a fi délé.

Lójú ọ̀nà Ṣàfíù ní kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Mo sọ fún un: ẹ̀rọ ń gé ọ̀rọ̀ níbi tí a bá ti fi àmì sí, àmì pọ̀ jù nínú ti ìyá rẹ̀, orúkọ alààyè bá bọ́ sáàárín òkú. Mi ò dárúkọ àkàrà. Ẹ̀rọ nìkan ni mo sọ. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rọ lásán ni, àbí? Ọkàn mi ti balẹ̀. Àwọn ọ̀gá mi ti ń yọ mí lẹ́nu látàná."

Ó ti ń di ẹrù.

Ajé, 13 Oṣù Kẹwàá

Ó wọkọ̀ lówùúrọ̀. Lọ́sàn-án Ìyá pè mí. Wọ́n ní ṣé mo ti tún ẹ̀rọ náà ṣe tán pátápátá? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà.

Wọ́n ní, "O yára jù."

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kẹwàá

Iṣẹ́ ilé ìwé kan l'Ákọ̀wọ́njọ ni mo ń ṣe látàárọ̀, èsì ìdánwò àwọn ọmọ. Èmi náà mọ̀ pé ó yẹ kí n lọ kí Ìyá. Mi ò lọ.

Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kẹwàá

Ní báyìí mo máa ń ka gbogbo orúkọ kí n tó fi ránṣẹ́ sí Alfa. Mo ka ti Ìyá. Nínú àpótí òkú, ìlà méjì:

Ràímì Àjàní
Ìdíátù

Nínú àpótí ẹni tó ń tọrọ àdúrà: Ìdíátù.

Bí mo ṣe wọ bàtà, mi ò mọ̀. Mo sáré débẹ̀. Ìyá wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ara wọn le, wọ́n ń jẹ àkàrà láìfi pamọ́. Abigail ní òun jiyàn, wọ́n ní kó tẹ̀ ẹ́ bí àwọn ṣe sọ. Wọn ò bi mí léèrè ohun tí mo wá ṣe. Wọ́n kàn sún kúrò lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ní kí n jókòó. Mo jókòó pẹ́. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tí omi ti sé mọ́ nínú.

Nígbà tí mo délé mo pe Ṣàfíù. Mo ní ìyá rẹ̀ tún ti wà láàárín àwọn òkú. Ó ní, "Ah, Aasiyah! Ṣé ẹ̀rọ yẹn tún ti gé e ni?"

Mo ní rárá. Kò gé nǹkan kan. Bí ìyá ẹ ṣe fi í ránṣẹ́ ló dé.