Okùn Mẹ́rin Tí Kò Lọ́ Tán

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta, 2014
Ó tún tú! Ìwúkàrà ni mò ń wádìí, èyí tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì — bí àwọn àpò tíntìntín inú rẹ̀ ṣe ń lẹ̀ mọ́ra tí wọ́n ń di ọ̀kan. Purotéènì mẹ́rin ló ń ṣe é: wọ́n á lọ́ mọ́ra bí okùn, wọ́n á fa àpò méjì pọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tèmi, níbi tí mo ti ń ṣe àfarawé wọn, wọ́n á lọ́ dé ìdajì, wọ́n á tú.

Ọjọ́bọ̀, 6
Kò síná. Kò síṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Ṣàfíù, ní kí n máa lo kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé rẹ̀ ní Ìkòtún. Mo dé lónìí — ó ti pa iṣẹ́ tí mo fi sílẹ̀ kó máa yí! Oníbàárà fẹ́ tẹ pósítà. Ó ní, "Mọ̀dínátù, má bínú. Mo rò pé géèmù ni nǹkan tó ń yí yẹn." Géèmù! Mo tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 15
Ìdajì náà ni. Ṣùgbọ́n ó jọ pé mo ti mọ ìdí rẹ̀. Àkójọ purotéènì ńlá kan wà tó máa ń di àwọn mẹ́rin yìí mú kí wọ́n má baà tú. Èmi ni mo yọ ọ́ kúrò, torí kọ̀ǹpútà wa ò lè gbé e. Àbí ìyẹn gan-an lèsì?

Ọjọ́ Ajé, 17
Mo fi iṣẹ́ náà han Ọ̀gá Kíákíá — Dókítà Olúbọ̀dé tó ń bójú tó iṣẹ́ mi. Kò tilẹ̀ jókòó. "Fipá fà wọ́n pọ̀, ya àwòrán rẹ̀, kọ pé wọ́n lọ́ fúnra wọn." Mo ní, "Sà, wọn ò lọ́." Ó ní, "Ṣé dígírì lo wá gbà ni, àbí ìjà?"

Ọjọ́rú, 19
Mo tún ṣí iṣẹ́ náà wò. Wọn ò lọ́.

Ọjọ́bọ̀, 20
Mo sọ fún Bọ̀dá Ṣàfíù. Ó ní, "Ṣé wọ́n lọ́ àbí wọn ò lọ́?" Wọn ò lọ́. "Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ jàre." Nígbà tó yá, ó tún béèrè: tí ọ̀gá náà bá lé mi ńkọ́?

Ọjọ́ Ẹtì, 21
Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Kíákíá: okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò lọ́ tán láìsí olùdìmú. Èsì rẹ̀ dé kí n tó kírun Jímọ̀: kí n yọ gbólóhùn yẹn, tàbí kí n wá ọ̀gá mìíràn.
Mo kírun tán, mo pe olórí ẹ̀ka wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní kí n wá ní Mọ́ńdè, kí n kó gbogbo iṣẹ́ náà dání — èyí tó tú gan-an, wọ́n fẹ́ fojú ara wọn rí i.