Èékánná ọmọ mi àti eyín Màmá

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́

Inú ń bí mi. Láàárọ̀, ọmọ mi fi èékánná ha ara rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́, díẹ̀ ló kù kó kan ẹyinjú. Bí mo ṣe mú sísọ́ọ̀sì rẹ̀ kékeré báyìí, ìyá ọkọ mi tó wá bá wa wẹ ọmọ gbà á lọ́wọ́ mi.

"Irin kẹ̀! Eyín la fi ń gé èékánná ọmọ tuntun."

Wọ́n fi eyín gé e lóòótọ́. Ó rí págunpàgun, àtàǹpàkò rẹ̀ sì pọ́n. Mo pe ọkọ mi níbi iṣẹ́ ní Ìbẹ̀jú. Ó ní kí n ṣe sùúrù. Sùúrù wo?

Nígbà tí Màmá sùn lọ́sàn-án, tí ọmọ náà mu ọmú sùn, mo rọra tẹ ẹran ìka rẹ̀ kúrò lábẹ́ èékánná, mo sì fi sísọ́ọ̀sì tí mo yọ́ mú padà gé gbogbo rẹ̀ dáadáa.

Màmá jí, wọ́n fọwọ́ pa á wò, wọ́n pe ọmọ wọn lórí fóònù: "Ó rí jọ̀lọ̀! Eyín mi ṣì mú o!"

"Ẹ ṣé, Mà," ni mo sọ, sísọ́ọ̀sì wà lápò mi.