Owó Tí Mo Gbàgbé Láti Gbà

Yèyé mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìsinmi. Láti àná ni inú mi ti ń dùn, kò sì sí ẹni tí mo lè ròyìn rẹ̀ fún tí yóò yé bíi tiyín.

Ṣé ẹ rántí pé ẹ kì í fẹ́ gbọ́ iye owó nígbà tí aṣọ bá ṣì wà lórí òfì? Bí oníbàárà bá ti fẹ́ dárúkọ owó, orin lẹ máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ tiẹ̀ gbé aṣọ fún obìnrin Àrìgìdì kan, ẹ gbàgbé owó, èmi ni mo fẹsẹ̀ rìn lọ gbà á. Mo ráhùn lọ, mo ráhùn bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí.

Lóṣù tó kọjá, ìyá kan ti Ìkàrẹ́ wá sí Ọ̀kà, ó ní kí n hun aṣọ ìgbéyàwó ọmọ òun. Mo jẹ́ kó dárúkọ owó. Yèyé, owó ńlá ni! Kó tó kúrò nílé, mo ti fi ra fíríìjì lọ́kàn mi, mo ti fi kan páànù tuntun. Bí mo ṣe jókòó sídìí òfì báyìí, ọwọ́ mi gan. Aṣọ tí mo hun dà bíi yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé. Ẹ̀rù bà mí pé bóyá n kò jogún ọwọ́ yín.

Ṣadé, ọmọ mi tó wà ní yunifásítì, tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, ló sọ fún mi pé àwọn onímọ̀ ti ń yẹ ọpọlọ àwọn oníṣẹ́ ọnà wò, pé owó kì í fi bẹ́ẹ̀ ta á jí bíi ti ẹlòmíràn. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ta ló sọ ọ́ fún yín, ẹ̀yin tí ẹ kò wọ iléèwé rí?

Mo gé aṣọ náà kúrò, mo ta òwú mìíràn sórí òfì. Mo kọ orin yín, mo hun àwọ̀ òkè Ọ̀kà lẹ́yìn òjò sínú rẹ̀.

Lánàá, wọ́n wá gbé e. Ìyàwó ró o, ó ń yí, ó ń rẹ́rìn-ín. Orí mi wú! Mo sìn wọ́n dé ọ̀nà, mo juwọ́ sí wọn, mo padà sídìí òfì mi. Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí ìyá ìyàwó já wọlé, tó ń mí hẹlẹ:

“Ẹ̀yin ìyá yìí, ṣé ẹ kò gbowó ni? A ti dé Ìkàrẹ́ kí n tó rántí!”

Ṣadé rẹ́rìn-ín ṣubú. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún díẹ̀.

Ọwọ́ yín ni mo jogún, Yèyé. Mo jogún ìgbàgbé yín mọ́ ọn.

Èmi ni,
ọmọ yín tí kò ráhùn mọ́.