Ọwọ́ Tó Gé Kàdírì ní Èbúté

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹwàá, 2024

Odò ṣì kún. Ọkọ̀ mọ́kànlá ló ti kọjá sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lódìkejì kí oòrùn tó kan àtàrí. Àgbàdo Tẹ̀dé, èlùbọ́ Ogbooro, òrí tí Mùyìbátù ọ̀rẹ́ mi ń ṣe. Ìrẹsì àti aṣọ ni wọ́n ń kó bọ̀. Gbogbo ilé tó wà létí omi yìí, èbúté ló ń bọ́ wọn.

Kàdírì, olórí alábàárù — Àgbò ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, torí orí ló fi ń kan gbogbo nǹkan — ó ní láti ọ̀la lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ di ẹrù sínú ọkọ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ òun nìkan. Ìyápọ̀ tó ń tukọ̀ àgbàdo mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Sodiqat, ẹ jẹ́ kó máa pariwo. Ọkọ̀ mi ni, èjìká mi ni."

N kò fẹ́ràn ojú tí Àgbò fi wò ó.

Ọjọ́rú, 9

Àwọn ọmọ Àgbò lu Mùyìbátù. Eyín méjì ló ká. Nítorí igbá òrí kan tó gbé fúnra rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 10

Kí n ṣáà kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Àárọ̀ ni wọ́n dé, wọ́n tó ogún, àdá àti kóńdó lọ́wọ́. Wọ́n ń fi àdá ya àpò, àgbàdo ń dà sómi. Wọ́n fi àáké la ìdí ọkọ̀ Ìyápọ̀. Ìyápọ̀ fi àjẹ̀ la ọ̀kan nínú wọn lórí. Ẹ̀jẹ̀. Ariwo. Kí n tó bojú wẹ̀yìn, Àgbò ti gùn ún lẹ́yìn, ó ti ki orí rẹ̀ bọ omi, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ Ìyápọ̀ ń jà pàtìpàtì. Lẹ́yìn náà, kò jà mọ́.

Àdá kan wà nílẹ̀. Mo gbé e. Mo gé Àgbò ní ọrùn ọwọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì. Egungun dún. Mo ju àdá sódò, mo sá bí gbogbo obìnrin yòókù ṣe ń sá.

Ìyápọ̀ yè é. Alhamdulillahi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12

Àgbò wà ní ọsibítù ní Ṣakí. Ọwọ́ ọ̀tún ti lọ. Wọ́n ní Ìyápọ̀ ni — ta ni ìbá tún jẹ́, nígbà tó jẹ́ òun ló wà lábẹ́ rẹ̀? Ìyápọ̀ gan-an kò mọ̀. Ó ní omi ti dí òun lójú, bóyá òun náà ni. Ó bi mí pé, "Ṣé ẹ rí i?"

Mo ní n kò rí nǹkan kan.

Ọjọ́ Àìkú, 13

Mo gbé oúnjẹ mi fún Sodiqat.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15

Àwọn ọmọ Àgbò ká Ìyápọ̀ mọ́ ọ̀nà oko. Wọ́n so ó mọ́ igi kajú, wọ́n fi wáyà nà án títí ara fi bó. Wọ́n yọ ojú rẹ̀ ọ̀tún. Wọ́n ní ẹ̀san ọwọ́ ọ̀tún Àgbò ni. Mo gbọ́ igbe Jùmọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ látinú ìsọ̀ mi. Mo jókòó lórí àpò àgbàdo. Mo kàn jókòó.

Ọjọ́bọ̀, 17

Mo lọ bá Àgbò ní Ṣakí. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá Kàdírì, èmi ni."

Kò yà á lẹ́nu. Ó ní, "Mo rí ọ."

Mo ní kí ló wá dé tó fi jẹ́ kí wọ́n yọ ojú ẹni ẹlẹ́ni.

"Ṣé kí n wá sọ fún èbúté pé obìnrin ló gé mi lọ́wọ́? Ta ni yóò tún bẹ̀rù mi?" Ó ní kí n lọ máa ta àgbàdo mi.

Ọjọ́ Jímọ̀, 18

Lẹ́yìn ìrun, èbúté kún fọ́fọ́. Mo gun orí àpò, mo ké, mo sọ gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ Àgbò fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní mo fẹ́ fi irọ́ gba Ìyápọ̀ sílẹ̀ ni. Mùyìbátù fà mí láṣọ, ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀, ìbànújẹ́ ti dà mí lórí rú. Wọ́n padà sídìí ẹrù wọn.

Jùmọ̀kẹ́ nìkan ló dúró. Ó ní, "Ọjọ́bọ̀ lẹ ṣe é, ẹ sì dákẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n yọ ọkọ mi lójú." Ó sún mọ́ mi, ó na ìka sókè níwájú mi, ó ń ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Jímọ̀. Àbámẹ́ta. Àìkú. Ajé."