Káfíńtà Òrùlé Tí Ẹ̀rù Òkè Ń Bà

Ọdún 1941 ni wọ́n bí Bàbá wa, ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ tó bí wọn lọ́mọ. Ìyá wọn ń ta ìkòkò. Bàbá ni àbíkẹ́yìn, wọ́n sì kúrú débi pé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ dá wọn padà, ó ní kí wọ́n lọ dàgbà sí i.

Ní 1956, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Orí òrùlé ni ẹni kúkúrú yìí ti di èèyàn ńlá! Wọ́n á máa rìn lórí igi àjà láìdi nǹkan kan mú, wọ́n á máa súfèé. Báyìí ni aráyé ṣe ń pè wọ́n ní Ológbò. Ariwo tí àwọn èrò ń pa lójú títì ló mú kí Màmá wa, aránṣọ, gbójú sókè rí wọn. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1966.

Ní 1979, Bàbá ń kan páànù lórí ilé ìwòsàn kan. Kò sí atẹ́gùn, kò sí ẹni tó ṣubú. Ẹsẹ̀ wọn kàn bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, ó sì ń ṣe wọ́n bíi pé ilẹ̀ ń pè wọ́n. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà, tẹ̀rùtẹ̀rù ni wọ́n fi ń gòkè. Láàárọ̀, wọ́n á bì sẹ́yìn ilé, wọ́n á nu ẹnu, wọ́n á gbé àpótí irinṣẹ́. Màmá rò pé ọgbẹ́ inú ni. Ikú gan-an kọ́ ló ń bà wọ́n lẹ́rù jù. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí Ológbò bá sọ̀ kalẹ̀, ẹni kúkúrú ọjọ́sí nìkan ló máa kù.

Ní 1983, Bàbá há sórí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ kan. Wọ́n di igi mú gírígírí, wọ́n dijú, wọn kò lè sọ̀. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀, wọ́n rò pé Ológbò tún ń ṣe eré rẹ̀ ni. Màmá dé, wọ́n so ìró mọ́dìí. Màmá tí kò gun àkàsọ̀ rí láyé! Wọ́n ń gbọ̀n bí wọ́n ṣe ń gùn ún. “Bàbá àwọn ọmọ,” ni Màmá wí, “ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín lé ọwọ́ mi, ká jọ máa sọ̀.”

Yéè, ojú ti Bàbá! Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi kọjú sí ògiri, wọ́n ní ayé àwọn ti bàjẹ́. Màmá ló ní kí wọ́n bá òun kan àga ìránṣọ, nítorí èyí tó wà nílẹ̀ ń mì. Láti orí àga yẹn ni wọ́n ti dé orí kíkan tábìlì, ilẹ̀kùn àti ibùsùn. Nígbà tó yá, wọ́n tún gba àwọn ọmọṣẹ́ òrùlé. Ọmọṣẹ́ tó bá lérí pé ẹ̀rù kì í ba òun, ìsàlẹ̀ ni Bàbá ń fi í sí. Èyí tí ẹ̀rù ń bà, wọ́n á so okùn mọ́ ọn nídìí kó tó gòkè, wọ́n á di ẹsẹ̀ àkàsọ̀ mú, wọ́n á máa gbàdúrà títí yóò fi sọ̀. Bàbá Ojo ni àwọn ọmọṣẹ́ ń pè wọ́n lẹ́yìn. Bàbá gbọ́, wọ́n bú sẹ́rìn-ín: “Orúkọ yìí dáa. Kò níbi tó máa já bọ́ sí.”

Nílé ìjọsìn, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, bí ìjókòó òkè tilẹ̀ ṣófo. Àwọn ló ń tún bẹ́ǹṣì ibẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Bàbá papòdà ní 2021. Wọ́n fi Màmá, ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, àti ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ tí ìkankan wọn kò ṣubú rí, sáyé lọ.

Ẹ̀rù kò fi wọ́n sílẹ̀ títí dópin. Lórí ibùsùn àìsàn, wọ́n di ọwọ́ àkọ́bí wọn mú: “Mo ti rí bí wọ́n ṣe ń gbé pósí lé èjìká. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé mi sókè.”

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn wa, bí ẹ bá rí i tí àwọn agbépósí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ má pè é ní àìnáání. Ọwọ́ ni wọn yóò fi gbé Bàbá lọ lónìí, nísàlẹ̀, jẹ́jẹ́.

Ẹ sùn re o, Bàbá wa. A dì yín mú.