Igi Àgbálùmọ̀ Tí Wọ́n Wá Bẹ̀ Nílé Wa

Ayọ̀níkẹ́ ọmọ mi,

Ọjọ́ tí obìnrin kan láti Èkó gbá igi àgbálùmọ̀ wa mọ́ra, tó ń sunkún, ni iṣẹ́ tí o ń ṣe tó yé mi. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí lọmọ mi ń ṣe, mo máa ń ní ọ́fíìsì ni. Ní báyìí mo ti lè sọ ọ́ gbangba: ọmọ mi ń kó èèyàn lọ bẹ igi, wọ́n sì ń san owó oṣù fún un.

Ṣé dáadáa lo wà? Ara ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ẹ̀fọn àdúgbò yín ńkọ́? Ọlọ́run tó ń gbọ́ àdúrà wa ní Mówè níbí, pẹ̀lú gbogbo ariwo mọ́tò, á máa gbọ́ tìrẹ náà. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì. Orúnkún mi ti ń gbọ́ràn díẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ yín tó ń tọ́jú igi, tí o ní kí n gbà lálejò, dé ní Sátidé. Olórí wọn, Olúfúnṣọ́, ọmọlúàbí ni. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, mo ní kó dìde, ó tún dọ̀bálẹ̀. Mo rò pé nǹkan já bọ́ lápò rẹ̀ ni, mo bá a wá a. Ó ní rárá o Màámi, ilẹ̀ lòun ń kí, ìyá gbogbo wa ni. Ó ní kí gbogbo wa bọ́ bàtà. Èmi ò wọ bàtà tẹ́lẹ̀, ni wọ́n bá ní kí n bọ́ síwájú, pé mo ti mọ̀ ọ́n ṣe jù wọ́n lọ. Wọ́n ya fọ́tò ẹsẹ̀ mi, ẹsẹ̀ tí mi ò tíì fọ̀!

Wọ́n tún ní igi náà ń gbé èéfín gbogbo ayé mì. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Mo ti gbé ààrò mi lọ sẹ́yìn ilé kí ẹrù ẹ̀ lè fúyẹ́, mo sì bẹ Bùrẹ́ímọ̀ aládùúgbò wa pé kó kọjú jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ síbòmíràn. Ó ní òun gbà, gbogbo igi ló ń ṣe àsìkírì, tí wọ́n ń fi ń yin Ọlọ́run, àmọ́ ewé tó ń já sínú ọbẹ̀ òun, ṣé ara àsìkírì náà nìyẹn?

Wọ́n wá mú fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ jáde fún igi. Orúkọ: mo kọ Ayọ̀níkẹ́. Ọjọ́ ìbí: mo kọ tìrẹ, torí ọjọ́ tí bàbá rẹ ri olóbì rẹ, ibi ọmọ tó tẹ̀lé ọ wáyé, mọ́lẹ̀ níbẹ̀ náà ló gbin igi yẹn lé e lórí. Wọn ò béèrè ẹ̀sìn, èmi ni mo fi Kìrìsìtẹ́nì kún un. Ìgbà tí mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ olóbì yìí ni obìnrin Èkó yẹn bú sẹ́kún. Ó ní ilé ìwòsàn òkè òkun ni wọ́n ti bí òun, òun ò mọ ibi tí wọ́n da tòun sí. Ó dì mọ́ igi rẹ bí ẹni tó rí ẹbí.

Ní Mọ́ńdè, Gbémiga agégi dé, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó gbé fóònù sí mi létí, mo gbọ́ ohùn kan tó ní kó gé igi náà, ewé rẹ̀ ń da ìdọ̀tí sára mọ́tò òun, kó sì fi sìmẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá. Gbémiga ní ìwọ ni. Mo ní irọ́ ni, èèyàn burúkú kan ló wà nínú fóònù tó ń sín ọmọ mi jẹ. Ọmọ mi tó ní kí gbogbo ayé dọ̀bálẹ̀ kí ilẹ̀, ṣé òun ló máa ní kí wọ́n da sìmẹ́ńtì sí i lójú? Mo fi fọ́ọ̀mù hàn án, mo ní kò sẹ́ni tó máa gé Ayọ̀níkẹ́ nílé yìí. Ó ní òun gbọ́, òun ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Jọ̀wọ́, fi owó ìgbálẹ̀ méjì ránṣẹ́. Màá máa gbá ewé náà kó tó dé ara mọ́tò rẹ. Ilẹ̀ tó gba olóbì rẹ kò ní kọ ẹsẹ̀ rẹ. Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire, wàá sì mọ̀nà ilé.

Gbà mí nímọ̀ràn kan kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Bí Gbémiga bá dé, ta ni kó kọ́kọ́ bẹ igi náà nínú wa: òun tó gbé ẹ̀rọ lọ́wọ́, èmi tí mo ṣílẹ̀kùn fún un, àbí ìwọ tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ ni?

Èmi ni ìyá rẹ,
Àjíbíkẹ́