Ewé Ayùnrẹ́ Orí Sàárè Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹni tí kì í jẹ́ kí ewé sun ilẹ̀ mọ́jú,

Mo kí yín láti oko wa lọ́nà Lanlate. Abẹ́ igi ayùnrẹ́ ni mo jókòó sí, ẹ̀yin gan-an ni mo kọjú sí. Ara mi le, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Mùfú ẹ̀gbọ́n mi ti gbá orí sàárè yín. Ó kó gbogbo ewé tó já lé yín lórí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì finá sí i. Àtìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró ni mo ti ń dá ewé yẹn sí. Ẹ rántí iṣẹ́ ìwádìí tí mo ń ṣe lórí àwọn igi wa fún yunifásítì Ìbàdàn, tí ẹ fún mi láyè rẹ̀ kí ẹ tó papò dà: oúnjẹ wo ni igi ń fà látinú ilẹ̀, kí ló ń dá padà bí ewé bá já tó sì jẹrà. Àti kábọ́nì, ohun tó wà nínú èémí wa tí igi ń fà sínú, tó fi ń mọ ara rẹ̀, tó tún ń padà sínú afẹ́fẹ́ bí ewé bá jẹrà tàbí tó jóná. Ìdí nìyẹn tí ewé fi gbọ́dọ̀ wà níbi tó bọ́ sí.

Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ Bọ̀ọ̀dá ní ilẹ̀ gbígbá. Bí ẹ bá ti kírun Àsùbáà tán, ìgbálẹ̀ ló kàn. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ òsì á wà lẹ́yìn, ẹ ó gbá abẹ́ igi títí á fi mọ́ bí ojú àwo, ẹ ó sì finá sí ewé náà. Èmi a ní oúnjẹ igi lẹ̀ ń sun, ẹ̀yin a ní ejò tó ń sá pamọ́ sínú ewé ò mọ oúnjẹ igi.

Nígbà tí mo bá eérú nílẹ̀, mo bínú lọ bá Bọ̀ọ̀dá nílé, n ò tilẹ̀ kúnlẹ̀ kí i dáadáa. Ó ní, "Àwọn tó wá ṣàdúà fún Bàbá láti Igbó-Ọrà ń bi mí bóyá Bàbá ò bímọ ni. Bàbá tó mọ́ tónítóní, ṣé inú pàǹtí ló yẹ kó máa sùn?"

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: mo rí i pé ìgbálẹ̀ ti bó o lọ́wọ́. Ìfẹ́ yín ló fi ń gbálẹ̀. Ó sì ti sọ pé gbogbo Jímọ̀ lòun á máa gbá a, tóun á máa sun ún.

Bàbá, iṣẹ́ mi tó bàjẹ́ kọ́ ló ń dùn mí jù. N ò tíì sọ èyí létí ẹnikẹ́ni: gbòǹgbò ayùnrẹ́ ti dé ibi tí ẹ wà. Ohun tó wà nínú ilẹ̀ ni igi ń jẹ, ohun tó bá sì jẹ ló ń di ewé. Ẹ̀yin tí ẹ ò fẹ́ rí ewé nílẹ̀, ẹ ti wà nínú ewé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wí i kí Bọ̀ọ̀dá má mọ ohun tó dáná sun? Ṣé á tún lè di ìgbálẹ̀ mú láyé rẹ̀? Tí mo bá sì dákẹ́, ṣé kí n máa wo èéfín náà ní gbogbo Jímọ̀? Ẹ̀yin lẹ máa ń parí ìjà wa. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?

Ọ̀la ni Jímọ̀. Mo mú ìgbálẹ̀ yín wá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo sì ti gbá orí sàárè yín kí Bọ̀ọ̀dá tó dé. Ó mọ́ bí ẹ ṣe ń fẹ́ ẹ. Mo kó ewé náà sí ìdí igi, mo fi erùpẹ̀ bò ó kí iná má rí i. Mo ti yọ igi yìí kúrò nínú iṣẹ́ mi. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́? N ò mọ̀.

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́, ewé wẹ́ẹ́rẹ́ kan já bọ́ sórí ìwé yìí. Mo ti fi sínú àpò mi. N ò ní í gbé e lọ Ìbàdàn fún àyẹ̀wò.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ń bá yín gbálẹ̀ báyìí.